Ọjọ́ Tí A Dọ̀bálẹ̀ ní Osaka

Ìyá mi kì í fẹ́ràn ìrìn àjò rárá. Ìpetumodù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa ní Mayfair, ní Ifẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ní kí wọ́n bá mi dé ibẹ̀, wọ́n á ní orúnkún ń ro àwọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó nílùú wa, ìyá mi yìí kan náà wọ súwẹ́tà méjì léra wọn, wọ́n sì bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Osaka, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Jàpáànù. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa nígbà náà. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá sì ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé pẹ́, kò sí ibi tó dé láyé tí kò ní rò pé kíláàsì òun ni.

Àbúrò mi ló fà á. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì wa níbí, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Osaka. Ọdún méjì péré ló dá fún wa. Ọdún méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún, ó di méje. Nígbà tí bàbá wa kú, ó wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó da erùpẹ̀ sí i, ó sì padà. A ò tíì gbé àga tí àwọn èèyàn jókòó lé kúrò níta tó fi wọ ọkọ̀ lọ. Màmá kò bá a wí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbá yàrá rẹ̀ ní òwúrọ̀ òwúrọ̀, yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí.

Àfi ìgbà tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Òun àti ọmọbìnrin Jàpáànù kan ni wọ́n jọ dúró níwájú odò kan, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé ọ̀rẹ́ òun ni. Màmá gbé awò sójú, wọ́n wò ó, wọ́n yí i padà, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tún yí i síwájú. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wo ló ń di èèyàn lápá mú báyẹn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀? Ẹ̀rín ló ń pa mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rẹ́rìn-ín?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́. Ó sọ fún Màmá lórí fóònù pé ìgbafẹ́ lásán ni, kí wọ́n wá wo ibi tí òun ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó kọ lẹ́tà sí èmi lọ́tọ̀. Nínú lẹ́tà náà ló ti tú kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀: òun fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin náà, bàbá ọmọ náà sì ti kọ̀ jálẹ̀. Ọdún kan gbáko ni òun àti ọmọ náà fi ń bẹ bàbá yìí, tó fi gbà pé òun á fojú rí àwọn ẹbí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn ò bá wá, ó tán nìyẹn. Ó ní kí n bá òun mú Màmá wá, kí n má sì sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ fún wọn. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo ṣépè fún un díẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àbúrò mi kan ṣoṣo ni.

Mo rò pé èmi nìkan ni mo ní nǹkan tí mo fi pa mọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká lọ, Màmá pè mí wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

“Mi ò lọ wo ìlú kankan o,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ mú bọ̀ wálé.”

Wọ́n ní àwọn kò ní ohunkóhun nínú sí ọmọbìnrin inú fọ́tò, kí Ọlọ́run bá a wá ọkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbé ìyàwó níbẹ̀ ti di ará ibẹ̀, àwọn kò sì bí ọmọ méjì kí ọ̀kan máa jẹ́ fọ́tò. Wọ́n wá fi òfin lélẹ̀ fún mi. Bí a bá pàdé bàbá ọmọ náà, kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí n kí i ní òyìnbó, kí n bi í bóyá ara rẹ̀ le. Àyà mi kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣàlàyé. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà láàárín wa, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà àdúgbò láràárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹbí ọkùnrin bá fi àyà lélẹ̀ níwájú bàbá ọmọbìnrin, ó ti kúrò ní kíkí. Ìyàwó ni wọ́n tọrọ yẹn, ohun tí a bá sì ti fi àyà wa tọrọ, a kì í tún dìde ká ní a ò fẹ́ mọ́. Màmá mọ èyí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe di ẹni tí ọ̀nà méjì fà láṣọ nìyẹn, àbúrò mi lápá kan, Màmá lápá kejì.

Osaka yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibẹ̀ fẹ́ẹ̀ já etí mi dànù. Oṣù kọkànlá ni a débẹ̀. Ilé lórí ilé, ọ̀nà lórí ọ̀nà, rélùwéè ń kọjá lókè orí wa, òmíràn ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀, èèyàn sì pọ̀ bí èèrùn, ṣùgbọ́n kò sí ariwo. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí Màmá nínú. A wọ rélùwéè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kún dẹ́nu, gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni tí wọ́n ń ṣèdánwò. Màmá dúró láàárín wọn, wọ́n ní ẹ kú àárọ̀ o. Kò sẹ́ni tó gbórí sókè. Wọ́n tún kí wọn ní òyìnbó, ní ohùn tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ ilé ìwé sórí ìlà. Àbúrò mi yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Lára gbogbo wọn, ìyá àgbà kan ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó mú súìtì kan jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Màmá. Màmá náà tọwọ́ bọ báàgì, wọ́n mú róbó jáde láti inú ọ̀rá tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ìyá yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, kò jẹ ẹ́, ó fi áńkáṣíìfù wé e bí ẹni wé góòlù. Inú Màmá dùn dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹ ò rí i, èèyàn wà níbí, àwọn tó kù ni wọn ò tíì jí.

Ibùdókọ̀ tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ọmọbìnrin náà ti ń dúró dè wá. Màmá ti múra láti fi ojú líle koko kí i, mo rí i bí wọ́n ṣe ń to ojú náà láti inú rélùwéè. Ọmọ náà tẹrí ba títí irun rẹ̀ fi dà síwájú. Kí Màmá tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ti ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.” Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, wọ́n fà mí létí aṣọ, wọ́n ń bínú sí èmi tí mi ò mọwọ́mẹsẹ̀, wọ́n ní ẹnu ló yọ̀ o, kí n má kà á sí.

Ọmọ náà ló ń mú wa kiri láti ìgbà náà nígbà tí àbúrò mi bá lọ síbi iṣẹ́. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ tó ká bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó mú wa lọ sí ààfin àtijọ́ ìlú náà, ilé aláwọ̀ funfun tó ga lórí òkè òkúta, omi yí i ká. Mo ń ya fọ́tò, ẹnu ń yà mí. Màmá wò ó sókè wò ó sílẹ̀, wọ́n bèèrè ibi tí ọba wà. Ọmọ náà ní kò sí ọba kankan níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n kó síbẹ̀ fún àwọn àlejò. Màmá ní ààfin tí ọba kò sí ńbẹ̀, kí la wá kí? Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí èmi gòkè lọ bí ó bá wù mí. Ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n, ẹ má bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ibi ìtajà ńlá kan ni wọ́n ti pa mí lẹ́rìn-ín jù. A débẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tò lọ́tùn-ún, wọ́n tò lósì, wọ́n ń tẹrí ba fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bàbá kan tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun wà lára wọn. Bó ṣe tẹrí ba fún Màmá báyìí, Màmá dúró gbagidi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí àgbà yìí ń tẹrí ba fún àwọn, ṣé àwọn ló bí i ni? Wọ́n gbàgbé orúnkún tó ń ro wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ fún bàbá náà. Bàbá náà tún tẹrí ba, ó rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá tún kúnlẹ̀. Bàbá tún tẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí àwọn oníbàárà fi ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ọmọbìnrin náà sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì. Ìgbà tí a wọlé tán ni Màmá ní ọmọlúàbí ni àwọn èèyàn yìí, ibi tí wọ́n ti máa ń dúró nìkan ni wọn ò mọ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ ọmọ náà, kò ṣe ohun kan tí a lè bá a wí. Ó máa ń rìn sẹ́yìn Màmá díẹ̀, báàgì wọn á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan a rí igi kan tí ewé ti tán lórí rẹ̀, èso pupa rìbìtì rìbìtì wà lára rẹ̀. Màmá ní ta ló so tòmátò mọ́gi? Ọmọ náà lọ ra irú èso yẹn, ó bó o, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, kò sì fi ọ̀kan sẹ́nu títí Màmá fi jẹ tiwọn. Bí oyin ló dùn. Ẹsẹ̀ Màmá a máa tutù rinrin, ọmọ náà sì máa ń mú àpò kékeré kan wá láràárọ̀, àpò tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti mì ín, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ibùdókọ̀, láàárín ọ̀pọ̀ èrò, ó ń ki àpò yìí bọ inú ìbọ̀sẹ̀ Màmá. Màmá ń wo òkè. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wò lókè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n sọ pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́. Wọ́n tún ní ìyẹn ò wí pé kí àwọn fi ọmọ àwọn tọrẹ o.

Nítorí wọn kò gbàgbé ohun tó gbé wọn wá. Bí àbúrò mi bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí a jókòó ní yàrá rẹ̀ tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tí a ń rọ ẹ̀bà láti inú gàrí tí a gbé wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n á ní yàrá rẹ̀ wà ńlẹ̀, àwọn ti ní kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà tuntun. Wọ́n á ní yunifásítì ń wá olùkọ́. Àbúrò mi á ní, “Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, Màmá.” Mo mú un lọ sí bálíkónì lọ́jọ́ kẹjọ, mo bi í pé ẹja ń bákàn? Ìgbà wo ló fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀? Ó ní ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni bàbá ọmọ náà dá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni, pé bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Inú rélùwéè ló ti sọ fún Màmá lọ́jọ́ Sunday náà pé ilé bàbá ọmọ náà ni à ń lọ, pé wọ́n fẹ́ rí wa. Màmá tún gèlè wọn wé, wọ́n wo èmi, wọ́n wo àbúrò mi, wọ́n ní kíkí nìkan o. Àwa méjèèjì ní ẹ ṣé, Màmá.

Oníṣẹ́ ẹní ni bàbá náà. Ẹní líle tí àwọn Jàpáànù fi ń tẹ́ gbogbo yàrá, tí ó nípọn tó ìbú ìka mẹ́ta, òun ló ń rán an láti kékeré. Ìsọ̀ rẹ̀ ló wà níwájú ilé, ilé gbígbé wà lẹ́yìn. Òórùn koríko tútù kún gbogbo ibẹ̀. Ẹní kan tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ wà lórí pákó, abẹ́rẹ́ tó gùn tó ìka mi méjì sì wà lára rẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n ní kí àbúrò mi bá àwọn sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Bàbá ẹlẹ́ní tẹrí ba. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí pákó. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

A bọ́ bàtà. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí tó fi dà bíi kí n wọ inú ilẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu, àtàǹpàkò mi yọ síta, ó ń wo gbogbo ayé. A jókòó sórí ẹní. Orúnkún Màmá kò gbà kí wọ́n kákò bí tiwọn, bàbá ẹlẹ́ní sì dìde láìsọ̀rọ̀, wọ́n lọ gbé tìmùtìmù mẹ́ta wá, wọ́n tò ó léra fún Màmá. Ọmọbìnrin náà gbé tíì wá, ó sì lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àbúrò mi ń túmọ̀. Wọ́n dúpẹ́ pé a ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ti kú, ọmọ yìí nìkan ló fi sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ dárúkọ ìlú wa, àwọn ra máàpù ayé, àwọn fi ìka tọ ọ̀nà náà láti Osaka, òkun ló kún ojú ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé èèyàn burúkú ni wá. Wọ́n ní ó ṣòro díẹ̀.

Àbúrò mi túmọ̀ ìyẹn náà, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, bí wọ́n bá ti ní ó ṣòro díẹ̀ níbí, rárá ni wọ́n sọ yẹn.”

Ẹ wò ó, ohun tí Màmá tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bàbá ìyàwó ti kọ̀, ọmọ á dẹrù rẹ̀, ó di Ifẹ̀. Wọn ò ní láti sọ ọ̀rọ̀ kankan, kí wọ́n ṣáà mu tíì wọn ni. Mo wo ojú wọn, mo rò pé mo máa rí ìtura níbẹ̀. Wọn ò wo bàbá ẹlẹ́ní mọ́. Àbúrò mi ni wọ́n ń wò. Ọmọ yìí kò jiyàn, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ká ọwọ́ sórí itan bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Omijé kan já bọ́ lójú rẹ̀, ó kán sórí ẹní, ó sì sáré fi ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nu ẹní náà kó má baà bà jẹ́. Ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò nù ún.

Mo rí i pé Màmá rí i. Ìgúnpá wọn gún mi ní ìhà.

“Kí lò ń wò?” ni wọ́n wí. “Dọ̀bálẹ̀.”

Mi ò bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Gbalaja báyìí ni mo nà sórí ẹní, àyà mi gbá ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì gún ilẹ̀kùn bébà tó wà lẹ́yìn mi, àtàǹpàkò mi gba inú ìbọ̀sẹ̀ yọ sí òdìkejì. Àbúrò mi nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ bí Màmá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí tìmùtìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n ń mí hẹ̀-hẹ̀, títí orúnkún wọn méjèèjì fi kanlẹ̀. A wà nílẹ̀ níbẹ̀, à ń retí kí bàbá ẹlẹ́ní ní ká dìde.

Dípò bẹ́ẹ̀, bàbá ẹlẹ́ní fò dìde. Wọ́n bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ní ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí a ti dé, ohùn ẹni tí àyà rẹ̀ já. Mo bi àbúrò mi lábẹ́lẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀? Imú rẹ̀ wà lórí ẹní, ẹ̀rù ń bà á.

“Bùrọ̀dá, wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ la wá jẹ́wọ́. Wọ́n ń bi í bóyá mo ti fún un lóyún.”

Àṣé lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn kì í fi iwájú orí kanlẹ̀ báyẹn lásán. Ẹni tó ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́, tó sì wá bẹ̀bẹ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá yìí rí ẹbí kan látòkè délẹ̀, ìyá arúgbó wà nínú wọn, tí gbogbo wọn lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni kí wọ́n rò? Mo fẹ́ dìde kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n a kì í fúnra ẹni dìde. Ọmọbìnrin náà ló ń ṣàlàyé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Àbúrò mi ń sọ ọ́ sí mi létí bí ó ṣe ń lọ. Bàbá rẹ̀ bi í pé ta ni wọ́n ṣẹ̀? Ó ní wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá ní kí ni wọ́n wá ṣe? Ó ní wọn ò ṣe nǹkan kan. Bàbá ní kí ló wá dé tí ìyá tó dàgbà báyìí wà lórí ilẹ̀? Ọmọ náà ní, “Nítorí mi ni.”

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun tó ń ró lórí ẹní níwájú mi. Mo gbé ojú sókè díẹ̀. Bàbá ẹlẹ́ní ti kúnlẹ̀, wọ́n ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, iwájú orí wọn ti kan ẹní tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán.

Màmá figbe ta. Èèwọ̀ ni! Bàbá ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ọkọ. Wọ́n ní kí àbúrò mi tètè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde. Bàbá ẹlẹ́ní ní kí àlejò kọ́kọ́ dìde. Màmá ní àwọn kò lè dìde kí wọ́n tó ní kí àwọn dìde, àwọn ò sì lè gbọ́ ẹ dìde lẹ́nu ẹni tó wà nílẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe wà lórí ilẹ̀ ní Osaka nìyẹn, tí kò sí ẹni tó ṣeé ṣe fún láti gbé orí sókè. Imú mi kún fún òórùn koríko. Bí ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí Màmá ì bá fi mí ṣe.

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni bàbá náà ti bèèrè ìbéèrè kan. Wọn ò gbé ojú sókè bi í. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá: wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá dé ọ̀dọ̀ yín, tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ kan, tí kò sì fẹ́ dààmú ẹnikẹ́ni, ta ni yóò mọ̀?

Nígbà tí Màmá máa dáhùn, wọn ò fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́ rárá.

“Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ò ní lọ síbì kankan,” ni wọ́n wí. “Ọmọ tèmi ló máa dúró lọ́dọ̀ wọn. Kì í sọ̀rọ̀ bí ara rẹ̀ ò bá yá, láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Àfi kí èèyàn wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n bá mi máa wò ó.”

Àbúrò mi la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, kò lè túmọ̀ rẹ̀. Ejìká rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi náà ò lè ràn án lọ́wọ́, ojú ara mi ni mò ń bá jà. Màmá yíjú sí ọmọbìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un ní òyìnbó, díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó nu ojú, ó sì sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá ẹlẹ́ní gbé orí sókè. Wọn ò wo Màmá, wọn ò sì wo èmi. Wọ́n fi orúnkún wọ́ dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, wọ́n dì í léjìká méjèèjì gbé dìde kúrò lórí ẹní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀.